Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí nípa jẹ́sì bọ́ọ̀lù, àti ìdáhùn wọn

Iṣẹ́ mi ni kí n bá àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò, ilé ìwé àti ẹgbẹ́ ọmọ ìjọ ṣe jẹ́sì. Ìbéèrè kan náà ló kún WhatsApp mi lójoojúmọ́, ni mo bá kó wọn jọ síbí.

Kí ni wọ́n ń pè ní home, away àti third?

Home ni jẹ́sì tí ẹgbẹ́ máa ń wọ̀ nílé, àwọ̀ tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n nìyẹn. Away ni wọ́n máa gbé wọ̀ tí tiwọn bá jọ ti ẹgbẹ́ kejì. Third ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ká má parọ́, torí ọjà ni wọ́n ṣe ń ṣe é jù, ẹgbẹ́ mélòó gan-an ni àwọ̀ méjì ò tó?

Ti gólì lọ́tọ̀ ni o. Kò gbọ́dọ̀ jọ ti ẹlòmíì nínú pápá, títí kan ti réfírì.

Ta ló ń ṣe jẹ́sì Super Eagles?

Nike ni, láti 2015. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti lọ ó ti bọ̀. Adidas la wọ̀ lọ sí World Cup ní Amẹ́ríkà ní 1994, ọdún tí Rashidi Yẹkíní ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n tó ń ké. Nígbà tó fi máa di 1998 ní Faransé, Nike ti gbà á, òun náà la wọ̀ ní 2002. Adidas tún padà wá, òun ló wà lára wa ní 2010 àti 2014, kí Nike tó tún gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Torí náà tí ẹnì kan bá gbé "original 1994" tó ní àmì Nike láyà wá bá yín, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ kẹ́ ẹ sì máa lọ.

Àwọ̀ ewé yẹn pàápàá, a ò bá a bọ̀ látilẹ̀. Red Devils ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ yìí kó tó di Green Eagles, ẹ̀yìn 1988 ló wá di Super Eagles. Àwọn tó lọ sí ìlú ọba ní 1949, tí Teslim Balogun wà lára wọn, ọ̀pọ̀ wọn ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù, ẹnì kan sì wá ń bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé brand wo ni wọ́n wọ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ yìí, ibo gan-an ni wọ́n ti ń rán aṣọ wọn?

Adidas àti Puma, ọmọ ìyá méjì ló dá wọn sílẹ̀, Adi Dassler àti Rudi Dassler, nílùú kékeré kan tó ń jẹ́ Herzogenaurach ní Jámánì. Wọ́n jọ ń ṣe bàtà tẹ́lẹ̀, ìjà ló tú wọn ká, Rudi lọ dá Puma sílẹ̀ ní 1948, Adi forúkọ Adidas sílẹ̀ ní 1949. Nike ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1964 pẹ̀lú orúkọ míì. Umbro ti ìlú ọba ló dàgbà jù nínú wọn, 1924.

Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tó jókòó sídìí máṣíìnì. Wọ́n á yàwòrán, wọ́n á yan aṣọ, wọ́n á wá gbé iṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ aránṣọ ní Thailand, Vietnam, Cambodia, Indonesia àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yẹ tag inú jẹ́sì yín wò. Thailand pọ̀ níbẹ̀ débi pé àwọn ọlọ́jà wa ti sọ ọ́ di orúkọ gréèdì, "Thailand quality". Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi tàn yín jẹ o, lẹ́nu ọlọ́jà Thailand ò túmọ̀ sí ojúlówó, féèkì tó mọ́ dáadáa ló ń sọ.

Ṣé ẹgbẹ́ ló ń sanwó jẹ́sì àbí ilé iṣẹ́ ló ń san fún ẹgbẹ́?

Bí orúkọ yín bá ṣe tóbi tó ni. Adidas gbà láti san £750 mílíọ̀nù fún Manchester United fún ọdún 10, bẹ̀rẹ̀ láti 2015, nígbà tó di 2023 wọ́n tún fi ọdún 10 míì kún un títí di 2035, ó kéré tán £900 mílíọ̀nù. Kì í ṣe torí ìfẹ́, torí pé wọ́n mọ iye èèyàn tó máa ra jẹ́sì ọ̀hún ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Jakarta àti ní Mókọ́lá n'Ìbàdàn níbí ni.

Owó yìí kì í mọ ojú. Ó lé ní 70 ọdún tí Jámánì ti ń wọ Adidas, ilé iṣẹ́ ọmọ ìlú wọn, ṣùgbọ́n ní March 2024 àjọ bọ́ọ̀lù wọn kéde pé láti 2027 lọ, Nike làwọn máa wọ̀, ó di ariwo débi pé mínísítà ìjọba wọn náà dá sí i.

Ẹgbẹ́ kékeré ńkọ́? Fúnra wọn ni wọ́n ń ra tiwọn. Tàbí kí wọ́n wá alága kan tó fẹ́ díje, kó san án, kó wá kọ orúkọ ara ẹ̀ sí i láyà gàdàgbà.

Kí ló dé tí wọ́n ń tún jẹ́sì ṣe lọ́dọọdún?

Kẹ́ ẹ lè tún ra òmíràn ni. Láyé àtijọ́ jẹ́sì ò ní nǹkan kan lára, ẹnikẹ́ni lè ra búlúù lásán kó lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn. Admiral, ilé iṣẹ́ ìlú ọba kan, ló kọ́kọ́ já ọgbọ́n yẹn láwọn ọdún 1970, wọ́n ṣe jẹ́sì fún Leeds United, lẹ́yìn náà wọ́n ṣe ti England ní 1974, wọ́n ṣe nǹkan sí i lára tí télọ̀ àdúgbò ò lè ṣe láìgbàṣẹ, àwọn ọmọ wá ń sunkún fún bàbá wọn pé tàwọn náà dà.

Kí ló dé tí jẹ́sì Naija 2018 fi pariwo tó yẹn?

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mí. Ara ẹ̀ àwọ̀ ewé títàn tó ní ìlà ṣágiṣàgi, apá ẹ̀ dúdú òun funfun bí ìyẹ́ ẹyẹ idì. Jẹ́sì 1994 ni wọ́n wò kí wọ́n tó ya á, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Matthew Wolff ló ya á nígbà tó wà ní Nike. NFF sọ pé mílíọ̀nù 3 làwọn èèyàn ti béèrè kó tó jáde. Ní June 1, 2018 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, àwọn èèyàn tò lọ rẹrẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù Nike ní Oxford Street ní Lọ́ńdọ̀nù bíi pé ìrẹsì ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín, nǹkan bíi £65 ni, kíá ló sì tán. Design Museum tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kà á mọ́ àwọn iṣẹ́ ọnà tó dáa jù lọ́dún yẹn. Èmi ò mọ jẹ́sì ilẹ̀ Áfíríkà míì tó rí irú ìyẹn.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ojúlówó ò tó nǹkan lọ́jà tiwa. Ẹni tó wà ní Peckham rí i rà, ẹni tó wà ní Dùgbẹ̀ ò rí i, àfi féèkì. Àwọn tó ń ṣe féèkì ní Aba àti ní China gbọ́ igbe wa kí àwọn tó ni iṣẹ́ tó gbọ́, ọjà Balógun l'Ékòó kún fún un kí World Cup tó bẹ̀rẹ̀ ní Russia. Wọ́n máa ń sọ pé ọmọ Naija fẹ́ràn féèkì. Ẹ gbé ojúlówó wá sí ẹnu ọ̀nà wa ní iye tí àpò wa ká ná, ká wá rí i.

Kí ni ìyàtọ̀ player version àti fan version?

Player version ni èyí táwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn ń wọ̀. Ó fúyẹ́, ó lẹ̀ mọ́ra, iná ni wọ́n fi lẹ àmì ẹgbẹ́ mọ́ ọn kó má baà máa ha wọ́n láyà. Fan version ni tiwa, ó máa ń fẹ̀ díẹ̀ níkùn, òwú ni wọ́n sì sábà fi ń ṣe àmì tiẹ̀. Lára ti Nike ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, Dri-FIT ADV ni player, Dri-FIT lásán ni fan. Ti Adidas nígbà yẹn, HEAT.RDY ni player, AEROREADY ni fan.

Tí ikùn bá ti yọ díẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́, fan version ni kẹ́ ẹ rà. Player version ò mọ àgbà.

Báwo ni mo ṣe máa dá féèkì mọ̀?

Ẹ kọ́kọ́ yí i síta sínú. Inú jẹ́sì kì í parọ́ bí ìta. Tẹ́ ẹ bá rí òwú tó ń já wálẹ̀ wúruwùru, ojú rírán tó wọ́, bébà tí wọ́n gbàgbé sẹ́yìn àmì ẹgbẹ́ tó ń ṣe ṣákaṣàka, ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ wà.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá tag kékeré tó wà níhà inú. Nọ́ńbà kan máa wà níbẹ̀, ti Nike máa ń jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 6, ìlà kékeré kan (-), kí nọ́ńbà 3 tó jẹ́ ti àwọ̀ wá tẹ̀ lé e. Ẹ kọ ọ́ sí Google. Tó bá gbé jẹ́sì tó wà lọ́wọ́ yín jáde, ó ṣeé ṣe kó dáa, ṣùgbọ́n kò tíì parí o, torí àwọn féèkì náà ti ń da nọ́ńbà gidi kọ. Ọgbọ́n tèmi ni pé mo máa ń ní kí ọlọ́jà mú jẹ́sì ẹgbẹ́ méjì tí kò jọra wá, ká ní ti Chelsea tọdún yìí àti ti PSG, tó bá jẹ́ féèkì, nọ́ńbà kan náà ló máa ń wà nínú méjèèjì, ọlọ́jà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀yìn, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń kọ tiẹ̀. Iye owó náà ń sọ̀rọ̀: ohun tí wọ́n ń tà ní £80 níbi tó ti wá, báwo ló ṣe máa wá di owó ìrẹsì àti ẹran níbí?

Ta ló ń pinnu àwọ̀ àti àmì tí ẹgbẹ́ ń lò?

Ẹgbẹ́ tàbí àjọ bọ́ọ̀lù ìlú yẹn ló ni ìpinnu, ilé iṣẹ́ á wá gbé àwòrán wá. Àwọ̀ àsíá ló pọ̀ jù, àmọ́ kì í ṣe dandan, Italy ń wọ búlúù, búlúù ò sì sí nínú àsíá wọn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Brazil. Funfun ni wọ́n ń wọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní World Cup 1950 Uruguay na wọ́n 2-1 ní pápá Maracanã níṣojú ẹgbàágbèje èèyàn, gbogbo ìlú ṣọ̀fọ̀, wọ́n ní aṣọ funfun yẹn gan-an ò ní orí ire. Ìwé ìròyìn Correio da Manhã wá ṣe ìdíje ní 1953 pé kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yà ya jẹ́sì tuntun tó máa ní gbogbo àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àsíá wọn. Ọ̀dọ́kùnrin kan, Aldyr Garcia Schlee, tí kò tíì pé 20, ló gbégbá orókè: yẹ́lò, ewé lọ́rùn àti lẹ́nu apá, ṣòkòtò búlúù, sọ́ọ̀sì funfun. Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹnu ààlà Uruguay ni wọ́n ti bí i, Uruguay lòun fúnra ẹ̀ sì fẹ́ràn.

Àmì náà lè yí padà. Ẹ wo àwọn ará ilé wa ní orílẹ̀-èdè Benin, Écureuils ni wọ́n ń jẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ìyẹn ọ̀kẹ́rẹ́, ní 2022 wọ́n ní ọ̀kẹ́rẹ́ ti kéré jù, àwọn ti di Guépards, ìyẹn cheetah. Ẹni tó ní jẹ́sì ọ̀kẹ́rẹ́ nílé kó tọ́jú ẹ̀ dáadáa.

Ṣé òfin wà fún bí jẹ́sì ṣe gbọ́dọ̀ rí?

Ó wà, ẹ sì lè bi Cameroon. Ní 2002 Puma ṣe jẹ́sì tí kò lápá fún wọn, wọ́n fi gba Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Mali, ó mú wọn bí ológun. FIFA ní ó dáa, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ dé World Cup, jẹ́sì gbọ́dọ̀ lápá, ni wọ́n bá rán apá dúdú mọ́ ọn.

Ní 2004 wọ́n tún dé, jẹ́sì àti ṣòkòtò tí wọ́n rán pọ̀ bíi ti mẹkáníìkì. FIFA kìlọ̀, wọn ò gbọ́, wọ́n wọ̀ ọ́ ní Tunisia. FIFA wá bu owó ìtanràn lé wọn, 200,000 owó Switzerland, wọ́n tún yọ póìǹtì 6 kúrò nínú èyí tí wọ́n máa fi wọ World Cup 2006. Puma gbé FIFA lọ sí kóòtù, ìgbà tó yá ni wọ́n dá póìǹtì wọn padà. Nítorí aṣọ o!

Fún tiyín ní pápá àdúgbò: ó gbọ́dọ̀ lápá, nọ́ńbà gbọ́dọ̀ hàn lẹ́yìn, àwọ̀ ìnúwọ̀ tó bá yọ lápá gbọ́dọ̀ bá ti apá jẹ́sì mu. Ìyẹn náà ti tó.

Tí ẹgbẹ́ méjèèjì bá wọ àwọ̀ kan náà wá ńkọ́?

Ẹnì kan máa pààrọ̀ ni. Kẹ́ ẹ má rò pé àdúgbò yín nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀, ní World Cup 1978 ní Argentina, Faransé àti Hungary gbé funfun wá sí Mar del Plata, kò sí èyí tó gbé òmíì wá. Wọ́n ní láti sáré lọ yá jẹ́sì ẹgbẹ́ kan nílùú yẹn, Kimberley, ewé àti funfun olóoro, Faransé ló wọ̀ ọ́, wọ́n sì jẹ 3-1. Torí náà ẹ jẹ́ kí bíbù kan wà nínú báàgì yín.

A fẹ́ ṣe jẹ́sì fún ẹgbẹ́ àdúgbò wa, irú aṣọ àti pírìntì wo ló dáa?

Aṣọ pọ́lísítà ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta cotton fún yín. Cotton ń mu òógùn, tó bá fi máa di half time á ti wúwo bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti odò jáde. Pọ́lísítà yìí kan náà làwọn ńlá ń lò, ní 2010 Nike sọ pé ike omi tó tó 8 làwọn ń yọ́ ṣe jẹ́sì kan.

Pírìntì ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èkíní ni sublimation: wọ́n á tẹ gbogbo àwòrán sórí bébà, wọ́n á fi iná tó tó 200°C tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, íńkì á di èéfín, á wọnú aṣọ lọ. Kì í bó, kì í sán, ẹ sì lè ya ohunkóhun tó wù yín, àdìrẹ o, oju ẹkùn o, ṣùgbọ́n pọ́lísítà funfun tàbí èyí tí àwọ̀ ẹ̀ mọ́ ló ń gbà á. Èkejì ni vinyl, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n gé ní nọ́ńbà tí wọ́n wá fi iná lẹ̀, ó yá, àmọ́ ó máa ń sán tó bá pẹ́. Ẹ̀kẹta ni screen, ìyẹn dáa fún aṣọ púpọ̀ tí àwọ̀ ẹ̀ ò pọ̀. Ṣómólú ní Èkó ni ibùdó iṣẹ́ pírìntì, àwọn tó ń ṣe gbogbo ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀.

Èmi, sublimation ni máa ṣe fún ẹgbẹ́ tó bá lówó ẹ̀, kò sí àní-àní.

Kí lẹ nílò lọ́wọ́ wa ká tó bẹ̀rẹ̀?

Lísìtì. Orúkọ, nọ́ńbà, sáìsì, lórí ìlà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan ṣoṣo sì kọ ọ́. Ẹ má fi voice note ránṣẹ́. Mo ti ṣe 20 jẹ́sì rí tó jẹ́ pé èèyàn mẹ́ta ló gba nọ́ńbà 10 níbẹ̀, torí olórí ẹgbẹ́ fi ránṣẹ́, akọ̀wé náà fi ránṣẹ́, àwọn méjèèjì ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Èmi ni mo gbé owó ẹ̀ sórí.

Ẹ béèrè sáǹpù kan kí wọ́n tó ṣe ìyókù, ẹ fọ sáǹpù yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Àwọ̀ tó wà lórí fóònù kì í ṣe àwọ̀ tó máa jáde lórí aṣọ, ewé lè di búlúù mọ́ yín lọ́wọ́. Ìdajì owó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san.

Báwo la ṣe máa fọ̀ ọ́ tí kò ní bàjẹ́?

Omi tútù, ẹ yí i síta sínú, kò gbọdọ̀ sí bleach, ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù lé nọ́ńbà.

Ṣé a lè lẹ àmì Nike tàbí ti Chelsea mọ́ tiwa?

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí. Àmì yẹn ní olówó, òfin Nàìjíríà náà mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin àti ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lẹ jọ dá ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa torí pápá àdúgbò wá láti òkè òkun, àmọ́ èmi kì í tẹ̀ ẹ́.

Yàtọ̀ sí òfin, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Jẹ́sì ni aṣọ ẹbí ẹgbẹ́, ta ló ń fi orúkọ ẹbí ẹlòmíì sára aṣọ ẹbí tiẹ̀? Arsenal fúnra wọn, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe away 2024/25, Labrum, ilé iṣẹ́ ọmọ Sierra Leone kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ni Adidas lọ bá, wọ́n fi dúdú, pupa àti ewé bu ọlá fún àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń tì wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n wá sọ́dọ̀ wa wá wo nǹkan, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àdìrẹ Abẹ́òkúta àti aṣọ òkè Ìsẹ́yìn nílé ń bẹ̀ mí fún àmì tíkì.

Kí ló dé tí ilé iṣẹ́ Nàìjíríà kì í ṣe jẹ́sì fún àwọn tó ń ṣojú wa?

Wọ́n lè ṣe é. Rírán kọ́ ni ìṣòro, ẹni tó máa pín in ni. Ní Olympics Tokyo tó wáyé ní 2021, Chukwuebuka Enekwechi tó ń ju irin fún wa wọ àṣekágbá, ó sì gbé fídíò sí TikTok níbi tó ti ń fọwọ́ fọ jẹ́sì ẹ̀, torí ẹyọ kan náà ló ní. Puma ló sì ní àdéhùn pẹ̀lú àjọ eré sísá wa lásìkò yẹn o! Kò ju ìgbà díẹ̀ lọ tí Puma fi fa àdéhùn ọ̀hún ya. Brand tó tóbi jù láyé ò lè gba ẹni tí àwọn aláṣẹ ẹ̀ ń bá ara wọn jà lórí ẹni tó ni àjọ.

Jẹ́sì 1994 tí wọ́n ń tà báyìí, ṣé ojúlówó ni?

Oríṣi mẹ́ta ni. Èyí tí wọ́n ṣe ní 1994 gan-an, ìyẹn wọ́n, ẹ lè rí i nínú òkìríkà tí orí bá bá yín ṣe é. Èyí tí ẹni tó ni àmì fúnra ẹ̀ tún ṣe jáde, ojúlówó nìyẹn náà, àmọ́ tuntun ni, kò yẹ kí wọ́n ta á ní owó àgbà. Ẹ̀kẹta ni dúpẹ́-lọ́wọ́-máṣíìnì, òun ló sì pọ̀ jù. Aṣọ tó ti lé ní 30 ọdún tí àmì ẹ̀ ṣì ń dán gbinrin, ẹ fura.

Èmi ni mo ya jẹ́sì wa, mo wá rí i lára ẹgbẹ́ míì. Ta ló ni ín?

Ẹni tó ya á ló kọ́kọ́ ni ín, àyàfi tí ìwé bá sọ nǹkan míì. Tó bá jẹ́ oníṣẹ́ pírìntì lẹ sanwó fún pé kó bá yín yà á, tẹ́ ẹ ò kọ nǹkan kan sílẹ̀, ó lè ní òun lòun ni ín, ó sì lè tẹ̀ ẹ́ fún àdúgbò kejì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kó kàn yí orúkọ padà. Mo ti rí i tó di ìjà lórí pápá.

Ẹ kọ ọ́ sí WhatsApp kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé ẹgbẹ́ lagbájá ló ni àwòrán yìí, kí òun náà fèsì pé òun gbà. Ẹ sì gba fáìlì ẹ̀ gan-an lọ́wọ́ ẹ̀, kì í ṣe screenshot, kẹ́ ẹ tó san ìdajì owó tó kù.